Ìpèlé Tí Mi Ò Dá Padà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà ní Pápá Àjàó, ní Muṣin, lẹ́yìn tí ìyá wa kú ní Iléṣà. Àwọn èèyàn máa ń ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dúpẹ́ tó. Mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú ohun tí mò ń kọ yìí, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni.

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù ni inú ti ń run mí débi tí mo fi máa ń bì, tí mi ò sì ní lè nàró. Ẹ̀gbọ́n mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ni mò ń jẹ jù. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé ń fi ṣúgà mu gàrí, omi lásán ni mo fi ń mu tèmi. Àràárọ̀ ló ń bu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ fún mi, màá kúnlẹ̀ gbà á. Màá yàgbẹ́ títí ojú mi á fi wọnú. Tí ìgbẹ́ bá dá, ìrora náà á ṣì wà níbi tó wà.

"Ọ̀lẹ ni ọ́," ló máa ń sọ. "Tó o bá bímọ, á lọ."

Mi ò bímọ. Mo relé ọkọ, ọdún ń gorí ọdún, ni ìyá ọkọ mi bá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Muṣin lọ́jọ́ kan, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá sọ pé òun ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ bi í léèrè ohun tó lọ fi ikùn ara rẹ̀ ṣe nílé ìwé olùkọ́." Èmi tó jẹ́ pé ọkọ mi nìkan ni ọkùnrin tí mo mọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ìyàwó mìíràn wọlé, mo sì kó ẹrù mi lọ sí yàrá kan ní Sùúrùlérè, níbi tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ibi tí èèyàn ń gbé làwọn ẹbí wa ní Èkó fi ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ni Màmá Muṣin. Àwọn tí mo gbé pọ̀n ti di màmá. Èmi ṣì ni Àǹtí Sùúrùlérè, tèmi ti ewú orí mi.

Mo ti lé lógójì ọdún kí dọ́kítà kan tó là mí nínú, tó sì sọ fún mi pé àìsàn náà lórúkọ. Ẹndómẹtiríósíìsì. Ó ní ohun tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ nìkan ti hù káàkiri inú mi, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ti lẹ ìfun mi pọ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n yọ ilé ọmọ náà dànù. Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní àwọn dọ́kítà gbọ́dọ̀ wá nǹkan pè é kí wọ́n tó lè gbowó.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá ní irú rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọmọbìnrin náà ń ṣe ní Yábà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, torí pé ọ̀dọ̀ mi ló ti lè nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀ láìsí ẹni tó máa bi í bóyá ó lá ṣúgà. Ó mọ obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Ìwáyà, tí àìsàn yìí ti sọ di ẹni tí kì í lè dìde nídìí ààrò mọ́. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣèlérí pé tó bá lè sá máratọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ dé òpin, àwọn á san owó iṣẹ́ abẹ obìnrin náà. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kàn san án.

"Àǹtí, wọ́n fẹ́ wòran kí wọ́n tó sanwó ni."

Ó fi ọ̀pọ̀ oṣù sáré káàkiri Sùúrùlérè ní ìdájí. Ó ti ṣírò ọjọ́ rẹ̀ dáadáa, pé nǹkan oṣù òun á ti wá, á sì ti lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré gan-an ló dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wá sùn lọ́dọ̀ wa kó lè wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí mò ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó yọ ìgò kan nínú báàgì rẹ̀. Bí mo ṣe jáde, ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, ife ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn.

"Kí lo mu?"

"Màmá ní á mú kí inú náà rọlẹ̀." Kò wo ojú mi. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé mi ò mu?"

"Mo ti dín ògógóró rẹ̀ kù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣebí eré ló fẹ́ lọ sá."

Ọmọ tó mọ orúkọ àìsàn rẹ̀, tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ rí lórí fóònù, kúnlẹ̀, ó gba ife, ó mu ún tán, torí ìyá àgbà rẹ̀ ló nà án sí i. Mi ò bá a wí. Mo mọ bí ilẹ̀ kíṣìnnì ṣe máa ń rí lára orúnkún.

A yá àga ike méjì, a jókòó sẹ́bàá títì ní Yábà, níbi tí wọ́n máa gbà padà bọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kọjá tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀.

"Ṣé àwọn wọ̀nyí ò lẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún wọn ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Obìnrin kan tó ń ta omi nítòsí wa rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ ṣì lè lé wọn bá."

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó sanra kọjá, àwọn tó ń rìn kọjá, àwọn tó ń tiro kọjá. Olómi gbé igbá rẹ̀ lọ. Oòrùn ti wà láàárín orí ká tó rí ọmọ náà. Ó tẹ̀ kọdọrọ, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdodo. Ẹ̀yìn ṣòkòtò péńpé rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí àgbo náà ṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin kan lórí ọ̀kadà pè é pé, "Sísítà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò jìnnà o."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tú ìpèlé rẹ̀, ó fi wé ìdí ọmọ náà. Bó ṣe máa ń ṣe fún mi nìyẹn nígbà tí wọ́n bá gbé mi bọ̀ láti ilé ìwé.

"Jókòó. Gbogbo ayé ń wò ọ́."

Ó jókòó. Ó ń gbọ̀n. Mo gbé ìgò tí mo po gúlúkóòsì sí sí i lẹ́nu.

"Ṣúgà ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ṣúgà ni. Mo sì pò ó kó dùn dáadáa."

Ọmọ náà mu ún tán. Ó bì díẹ̀ sílẹ̀, ó nu ẹnu. Ó tú ìpèlé náà kúrò, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Kò ní jẹ́ kí n lè gbẹ́sẹ̀."

"Wọ́n á rí ọ," ni ìyá àgbà rẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí mi, Màmá."

Ó lọ. Mo ń wo ṣòkòtò yẹn títí ojú mi ò fi tó o mọ́.

A wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí òpin eré náà. Wọ́n ti ń to àga jọ nígbà tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó gbé fóònù sókè láti yà á, ó rí ìdí rẹ̀, ó sì rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ yà á, ọ̀gá," ni ọmọ náà wí. "Ṣebí ìran lẹ fẹ́ wò."

Ó yà á. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà ṣubú. Wọ́n san owó náà, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin Ìwáyà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ pẹ́ lórí ibùsùn ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, dọ́kítà sì sọ fún un pé wọ́n máa la inú tirẹ̀ náà.

Ní gbọ̀ngàn ọsibítù yẹn, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe ìwọ náà nìyẹn?"

"Ẹ lọ bi ìyá ọkọ mi."

Ó mọ̀ pé obìnrin náà ti wà nínú sàréè tipẹ́. Ó kọjú sí ògiri.

Ìpèlé náà bá mi délé. Mo fọ̀ ọ́, àbàwọ́n rẹ̀ ò lọ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé kí n dá a padà, pé ìró òun ò pé láìsí i. Mo ní ó máa gbà á níbi ìpàdé ẹbí ní Muṣin, lọ́jọ́ tó bá dìde níwájú gbogbo wọn, tó sọ pé irọ́ ni òun pa mọ́ mi. Ó pè mí lórí fóònù.

"Nítorí aṣọ?"

"Nítorí aṣọ, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi tí mo tọ́ ọ."

"Ẹ tọ́ mi."

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá ṣe ni ẹsẹ̀ máa ń dùn ún. Mo ń lọ ní tèmi. Mo máa ń ká ìpèlé náà sínú báàgì, mo máa ń gbé e sórí itan mi títí wọ́n á fi gbàdúrà ìparí, màá sì tún gbé e padà sí Sùúrùlérè. Ọmọ náà ní kí n dá a padà fún wọn, pé Màmá ti dàgbà.

Mo ní èmi náà ti dàgbà.