Iṣu Tuntun Tí Mo Gbé Gun Òkè Ọ̀kà

Mo rántí bí àpáta ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ṣe máa ń gbóná lọ́sàn-án, tí àwa ọmọdé á máa fi gìgísẹ̀ rìn lórí rẹ̀ bí adìẹ tó tẹ eérú gbígbóná. Ọ̀kà ni ilé náà wà, lórí òkè, àwa sì ń gbé ní Ìkàrẹ́. Gbogbo ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ọlidé ni màmá mi máa ń kó wa lọ síbẹ̀. Orí àpáta yẹn ni wọ́n ti ń sá èlùbọ́. Ibẹ̀ náà ni a ti máa ń jókòó lé ìdí imọ̀ ọ̀pẹ, tí a ó sì máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ títí ìdí ṣòkòtò á fi lu. Mo ti rí òkun lẹ́yìn ìgbà náà. Òkun kò tó o.

Nígbà tí màmá mi kú, bàbá mi, tó jẹ́ alàgbà ìjọ, sọ pé a kò ní máa lọ sí Ọ̀kà mọ́, nítorí pé ìyá àgbà kò gba ìrìbọmi, kò sì fi ìgbà kan ṣèlérí pé òun máa gbà á. Wọn kò jà. Wọ́n kàn ń fi ẹnu ẹlòmíràn kí ara wọn ni. Ọdún méje kọjá bẹ́ẹ̀. Mo kàwé, mo di tíṣà, mo ra táì méjì. Àmọ́ bí mo bá dá wà, ohun tí mo máa ń rò ni bóyá mo ṣì ní ilé lórí òkè yẹn, tàbí bóyá wọ́n ti sin ilé náà mọ́ màmá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ọ̀rẹ́ mi kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń wá tíṣà bí ẹni ń wá omi nígbà ẹ̀rùn, bí òun náà ṣe dé Ìkàrẹ́ nìyẹn, tí a jọ ń gbé yàrá kan. Ó ti gbọ́ ìtàn àpáta náà lẹ́nu mi débi pé ó lè yà á sójú pátákó. Nígbà tí a gba ọlidé oṣù kẹjọ, ó ní kí a kúkú lọ wò ó, kí òun lè sinmi. Mo gbà kíá bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà. Ó dábàá pé kí a ra búrẹ́dì lọ fún ìyá àgbà, mo sì fi í rẹ́rìn-ín. Iṣu tuntun ti kún ọjà Ìkàrẹ́. Mo ṣa mẹ́ta tó tóbi dáadáa, mo dì wọ́n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo sì là á yé e, gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀, pé kò sí ohun tí àgbà Àkókó fẹ́ràn tó iṣu tuntun. Tíṣà ni mí, ó ti mọ́ mi lára láti máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a ń ti kẹ̀kẹ́. Bàbá arúgbó kan tó ń ti oko bọ̀ wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, ó fi ọ̀nà sílẹ̀, ó gba inú koríko kọjá láìkí wa. Àwọn obìnrin méjì tó ru igi ìdáná dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi bi mí bóyá àwọn ènìyàn mi kì í kíni ni. Mo ní táì ọrùn mi ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Ẹnu ọ̀nà ni a bá ìyá àgbà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti kéré ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo to iṣu náà síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wo iṣu, ó wò mí, ó rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"A à tíì ṣọdún," ó ní. "Ta ló gbé uṣu yìí wọ ulé mi?"

Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni gbogbo ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré ti padà bá mi. Ìkàrẹ́ ti jẹ iṣu tuntun, Ọ̀kà kò tíì jẹ ẹ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí Ọ̀kà kò bá tíì ṣọdún ìjẹṣu, iṣu tuntun kankan kò gbọdọ̀ wọ agboolé, ìyá àgbà tó sì dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ilé ló ń ṣọ́ ọ. Àwa ọmọ ilé kì í tilẹ̀ na ọwọ́ sí i. Mo wá fi kẹ̀kẹ́ gbé mẹ́ta lọ bá a.

Kí n tó la ẹnu, ọ̀rẹ́ mi ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní òun ni. Ó ní ará Ìjẹ̀bú ni òun, òun kò mọ̀, kí ìyá forí jin òun. Irọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì pa á dáadáa. Ojú ìyá àgbà rọ̀. Ó ní àlejò lójú, kò fi ríran, pé kò sí ẹjọ́ lọ́rùn àlejò, kó ṣáà gbé e jáde kúrò nílùú. Ó wá kọjú sínú ilé, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún àwọn àlejò méjèèjì.

Mo lè mu omi náà. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Àmọ́ àlejò méjèèjì tó pè wá wọ̀ mí lára ju oòrùn lọ.

"Èmi ni, Ìyá," ni mo wí. "Èmi ni mo rà á, èmi ni mo gbé e wọlé. Mo gbàgbé ni."

Ó wò mí títí. "Àlejò kì í gbàgbé," ó ní. "Kò mọ̀ ni. Ọmọ ulé ló ń gbàgbé. Ìtanràn ń bẹ lọ́rùn rẹ."

Abo adìẹ kan àti obì ni ó ní kí n san, pẹ̀lú pé kí n bá àwọn ọ̀dọ́ ilé ro ọ̀nà odò sílẹ̀ de ọdún. Mo bú sẹ́kún. Ọ̀rẹ́ mi rò pé adìẹ ni mò ń sunkún sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyá pé kó dín in kù. Mo ní kí ìyá àgbà jọ̀ọ́, kó má dín nǹkan kan kù.

Ọ̀rẹ́ mi ló gbé iṣu náà sọ̀ kalẹ̀ lọ fún awakọ̀ lọ́rì kan tó ń lọ sí Ìpè, ẹni tó ní ìlú tòun ti jẹ ẹ́. Ó ti kẹ̀kẹ́ padà gun òkè, ó dárúkọ búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta náà ni ọ̀rẹ́ mi fi jókòó lórí àpáta mi, tó ń jẹ ẹran àlejò. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Tíṣà Oníṣu, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Nígbà tí mo padà sí Ìkàrẹ́, ìròyìn ti ṣáájú mi dé etí bàbá mi. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, ó bi mí bóyá orúnkún ìyá àgbà ṣì ń dùn ún. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó mọ̀ nípa orúnkún náà. Láti ìgbà náà, kò tún sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé kó má lọ sí Ọ̀kà.

Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́, èmi náà sì ti ń dán ọjọ́ orí rẹ̀ wò. Mo ti dé ìlú púpọ̀ láyé mi. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n bu omi tútù fún mi, bí mo bá sì ṣe ohun tí kò tọ́, wọn á ní kò sí nǹkan kan, pé n kò mọ̀ ni. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. N ó sì mọ̀ pé ilé onílé ni mo wà.