Kẹ̀kẹ́ Tí A Wọn Ẹsẹ̀ Méjèèjì Fún

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé kí n palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ ní Ọ̀yọ́, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti wà nílé ọkọ wọn, ó sì dá a lójú pé ẹni tó ní irú ẹsẹ̀ tèmi kì í dá gbé. Kò dárúkọ ẹsẹ̀ o. Ó ní, "bí ó ṣe wà yẹn." Láti ìgbà tí ibà kan ti mú mi ní ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ òsì mi kò sì bá ti ọ̀tún dàgbà mọ́, "bí ó ṣe wà yẹn" ni wọ́n ń pè é nílé wa.

Inú bí mi. Télọ̀ ni mí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì sí ẹni tó bá mi san owó ilé rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni gáréèjì. Bí mo bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ọkùnrin méjì á ti kì mí lábíyá, wọ́n á gbé mi sórí ìjókòó, wọ́n á ní, "Ẹ rọra, Màmá." Wọn kì í bi mí. Bí ó bá jẹ́ àpò gàrí ni, wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín níbi tó fẹ́ kí wọ́n gbé e sí.

Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé, "Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi wá láti Ọ̀yọ́ dé iwájú ilé yín, ẹ ò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá dé e, màá kó ẹrù mi wá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Kẹ̀kẹ́ ológeere ni màá gùn."

Ó ní òun gbà. Ó tètè gbà jù, bí ẹni tó ti ń gbá yàrá tí màá sùn.

Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn díẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń yọ́ gun ti bàbá wa lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ kan lè yí ilé po. Kò lè dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà nígboro, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà mo pinnu pé tèmi ni kí wọ́n ṣe.

Bàbá wẹ́dà kan wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán tó ń ṣe géètì àti bẹ́ẹ̀dì onírin. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá tirẹ̀ ń tún ṣe fún àwọn àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé láyé ọjọ́un, òun náà sì mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. Mo sọ fún un pé irin ni mo fẹ́, nítorí bí irin bá kán lójú ọ̀nà, kò sí abúlé tí a ò ti ní rí ẹni tí yóò jó o pọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó lọ fa páìpù géètì jáde, èyí tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi.

"Bàbá, èyí ti wúwo jù."

"Kẹ̀kẹ́ tí ò lè gbé àpò ẹ̀gẹ́ méjì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ìyá Télọ̀?"

"Èmi ló máa gbé. Èmi kì í ṣe ẹ̀gẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì lọ wá páìpù tó fúyẹ́. Mo gé pátánì kẹ̀kẹ́ náà sórí páálí bí ẹni fẹ́ rán búláòsì. Mo ní kí irin òkè rẹlẹ̀ gan-an, kí n lè gun ún tìró-tìró. Láti ìjókòó dé ibi tí ọwọ́ ń dì mú, àga mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Orí àga yẹn ni mo ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀yìn kì í dùn mí, ara tó bá sì gba ìyẹn á gba ọ̀nà jíjìn.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Mo fún un ní tépù mi. Ó wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ó ká tépù, ó dá a padà fún mi, ó ń wo ọ̀nà ọjà. Ohun tó ń ṣe yé mi. A kì í ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án lójú rẹ̀, ọmọlúàbí sì ni bàbá náà. Èmi alágídí wá fa ìró bo ẹsẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Bẹ́ẹ̀ èmi kan náà ni mo máa ń wọn èjìká méjèèjì fún oníbàárà tí èjìká rẹ̀ kan bá rẹlẹ̀, láìbẹ̀rù. Ó ṣì ń tì mí lójú títí dòní.

Nígbà tó jó kẹ̀kẹ́ tán, tó kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó dára débi pé àwọn aláte ìtòsí wá ń wò ó. Mo gun ún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bá pẹ́dà. Ti òsì kò bá a. Bí pẹ́dà bá ti lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wá a lófuurufú. Kò pẹ́ tí mo fi ṣubú, tí mo fi ìgbọ̀nwọ́ gúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ní pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá wẹ́dà ń gbọn iyanrìn kúrò lára kẹ̀kẹ́.

"Á mọ́ yín lára, Ìyá Télọ̀."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, mo ká ìró sókè dé orúnkún lójú gbogbo wọn, mo fi tépù lé e lọ́wọ́.

"Ẹ wọ̀n ọ́n."

"Ìyá Télọ̀, a kì í..."

"Bàbá, èmi gan-an ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, èmi ni mo sì ní kí ẹ kà á. Ẹ kà á sókè."

Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. "Ìbú ìka mẹ́ta ló fi kúrú," ó ní. Kò sí ohun tó wó lulẹ̀. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ iye rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà ọ̀rọ̀ di iṣẹ́. Ó gé apá irin tó gbé pẹ́dà òsì, ó fi ìka kan dín in kù. Ó jó pèpéle kékeré tó ga ní ìka méjì sórí pẹ́dà náà, mo sì ní kí oníbàtà rán awọ sí i kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Mo tún gun ún. Ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Mo yí ọjà po lẹ́ẹ̀mejì, omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ara mi. Àwọn kan ní ìṣẹ́ ti dé bá télọ̀. Mo kí wọn, mo kọjá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun àsúbà, mo gbéra. Ọ̀nà náà kò dára, tírélà ń fẹ́ eruku sí mi lójú, orúnkún òsì sì ń ro mí bí ọgbẹ́. Ní Odò Ọbà mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń rò ó pé bóyá ó ti tó. Awakọ̀ kan dúró, ó ti ń ṣí bùùtù kí n tó sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sí abíyá mi. Ọwọ́ tó nà sí abíyá mi yẹn ló mú kí n dìde fúnra mi. Mo ní kó máa lọ, mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú ilé nígbà tí mo yọ. Ó sáré wá láti kì mí mọ́lẹ̀, mo na ọwọ́ sí i pé rárá, ó sì dúró. Mo sọ̀kalẹ̀ fúnra mi. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi pẹ́dà òsì.

"Kí ló dé tí èyí fi ga ju ìkejì lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ni. Ìka mẹ́ta ló fi kúrú."

Ó fi ìka ara rẹ̀ wọn pèpéle náà. "Méjì nìyí."

"Ẹyọ kan tó kù wà lára irin tó gbé e."

Ó kà á, ó rí i pé ó pé mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wò ó tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà èwe wa.

"Mo rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni," ó ní.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀yọ́.