Ọ̀nà Tí Àbúrò Mi Gbà Lọ

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Sẹ́kọ́nà, sọ fún wa pé òun ti ríṣẹ́ sí Róòmù, pé Èkó lòun ti máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí níléèwé girama kan ní Ẹdẹ, nítorí náà èmi ni Màámi bi bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Mo wò ó lórí fóònù: nǹkan bí ẹgbàajì kìlómítà, bíi wákàtí mẹ́fà tí ọkọ̀ ò bá dúró lọ́nà.

"Wákàtí tó máa gbà kò tó ti àlọ àti àbọ̀ Èkó, Màámi."

Inú wọ́n dùn sí i. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ní ká má sin òun. Ìlú òtútù ló ń lọ, kò sì mú ẹ̀wù òtútù kankan dání. Mo bi í léèrè.

"Wọ́n á fún mi níbẹ̀, Àǹtí." Kò wojú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ tó lọ, fóònù rẹ̀ ò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Màámi bi mí bóyá ọkọ̀ yẹn ti já. Mo ti wo ìròyìn. Ọkọ̀ kankan ò já. Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà mí jù: bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, òun dà?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bá a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ọkùnrin ń pariwo ní èdè Hausa.

"Àǹtí, Agadez ni mo wà. Ọ̀la la máa wọ aṣálẹ̀. Ẹ má sọ fún Màámi."

"Padà wálé."

"Àwọn tó ń kó wa lọ ò jẹ́ ká padà mọ́." Bí fóònù ṣe gé nìyẹn.

Mo sọ fún Màámi lọ́jọ́ náà. Wọn ò sunkún. Wọ́n bi mí pé wákàtí mélòó ló kù kó dé.

"Mi ò mọ̀, Màámi. Kò sẹ́ni tó lè ṣírò ìyẹn."

Òjò tán, ọyẹ́ dé, a ò gbúròó rẹ̀. Láàárọ̀, Màámi á nu eruku ọyẹ́ kúrò lára àga. Mo mọ̀ pé apá aṣálẹ̀ yẹn ni eruku náà ti ń wá. Mi ò sọ fún wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n pè wá láti pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Ìjọba ti kó àbúrò mi àtàwọn míì wálé láti Tripoli, ní òdìkejì aṣálẹ̀. Mo lọ mú un. Ó ti rù débi pé mo kọ́kọ́ fojú fò ó.

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú nìyí," ló sọ nínú mọ́tò. "Kò pẹ́ rárá. Ṣe ni mò ń wo ìsàlẹ̀, mò ń wá àwọn tá a fi sílẹ̀."



Kò tíì pẹ́ tó dé tí ìyá kan fi wá láti ìlú Ara. Wọ́n gbọ́ pé ọmọ wọn àti àbúrò mi jọ lọ ni. Àbúrò mi gbé àga fún wọn, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi ló tán. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, kò sì lè rìn padà sídìí ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ò dúró dè é.

Ìyá náà béèrè pé, "Ṣé o rí i pé ó kú?"

"Rárá, Mà. Ó jókòó ni."

"Ó ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí.

Títí di òní, ìyá náà ṣì ń wá sílé wa. Tí àbúrò mi bá ti gbóhùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, á dìde, á jáde lọ bá wọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi í.