Táyà Ńlá fún Ọ̀gá Igbó

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin kan fi ṣọ́ igbó ìjọba, ẹsẹ̀ ló sì fi ṣọ́ ọ. Agégi tó bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lókèèrè, kíá ni yóò ká ayùn rẹ̀ tí yóò wábi gbà. Ọ̀gá Igbó ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ fún un ní alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí àwọn fúnra wọn kò fẹ́ mọ́, irú èyí tí táyà iwájú ń fà tí ti ẹ̀yìn ń tì, tó ń gba ibi tí mọ́tò kò lè gbà. Wọ́n ní kó máa fi ṣe ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jókòó, dídìde di ogun; bó bá dìde, jíjókòó di ẹjọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó máa ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà fún un kú láàárín ìgbà yẹn, ó wá ku òun àti àbíkẹ́yìn wọn, obìnrin kan tó ń ṣe tíṣà. "Ìyá mi" ni bàbá ń pè é, nítorí ọdún tí ìyá tó bí bàbá kú ni wọ́n bí ọmọ náà.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tí Ọ̀gá Igbó ń jí fún láàárọ̀ ni oyin. Ó ní àpótí oyin mẹ́fà ní òdì kejì àbàtà, létí igbó tó ṣọ́ rí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ kàn wọ́n. Ìyàwó ló kùn wọ́n ní ọ̀dà búlúù, ó ní oyin fẹ́ràn búlúù. Kò sì sẹ́ni tó bi àwọn oyin léèrè.

Tẹ́lẹ̀, omi àbàtà náà kì í ju kókósẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣe títì ló da yẹ̀pẹ̀ dí ojú odò, tí omi fi ń padà sẹ́yìn, tí ibi tí ènìyàn ń fi bàtà kọjá wá ń muni dé itan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni alùpùpù náà rì síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, láti àárọ̀ ni bàbá ti wà nínú ẹrẹ̀, tí táyà ń yí lójú kan bí òrùka nínú ìka tó ti rù. Ọ̀sán ti pọ́n kí agégi kan tó kọjá. Ọ̀gá Igbó ti lé ọkùnrin yìí nínú igbó rí, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Agégi náà bẹ̀rẹ̀, ó pọn bàbá sẹ́yìn bí ọmọ, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dun bàbá jù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ta ẹ̀rọ yìí," Tíṣà sọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Kí ni ẹ̀rọ ṣe? Táyà ló kéré fún ẹrẹ̀ yẹn. Bí mo bá ti rí táyà ńlá, ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Ẹsẹ̀ yín wá ńkọ́?"

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ló rì ni?"

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onítáyà, pẹ̀lú nọ́ńbà ara táyà àtijọ́ tí Tíṣà kọ sínú ìwé nígbà tí wọ́n fa ẹ̀rọ náà jáde nínú ẹrẹ̀.

Táyà ni ògiri ṣọ́ọ̀bù náà láti ilẹ̀ dé àjà. Òórùn rọ́bà gba gbogbo ibẹ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ sì ń ké débi pé igbe ni àwọn oníbàárà fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá Onítáyà jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ó ka ìwé náà.

"Ínǹṣì mẹ́rìnlélógún ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí. Bàbá, ẹ mú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ wo eyín ẹ̀ bó ṣe jìn, á máa họ ẹrẹ̀ dànù. Ẹ má kọjá ìyẹn o."

Bàbá na ọ̀pá tí ó fi ń tilẹ̀ sí ọ̀kan tó wà lókè pátápátá. "Èyí ńkọ́?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ó wúwo, ẹ́ńjìnnì yín á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ ẹ̀, á máa ha mọ́gáàdì tó bo táyà lórí. Á sì gbé ẹ̀rọ ga ju bó ṣe yẹ lọ."

"Mo gbọ́. Òun náà ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọ̀n mí mọ́."

Obìnrin náà wo ọ̀pá, ó wo orúnkún. Ó fi ẹsẹ̀ ti ríìmù kan, irin àárín táyà, síwájú. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orí eléyìí kí n wo ibi tó lè dé."

"Ìyá Onítáyà, táyà ni mo wá rà. Mi ò wá fẹ́ aya."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rín yẹn ń dùn ún lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Ìyá Onítáyà fúnra rẹ̀ wá de táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti mọ̀ ní kúkúrú bá dìde dúró gàgàrà níwájú ilé. Àwọn ará àdúgbò wá wò ó, wọ́n ní Ọ̀gá Igbó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ń fọwọ́ pa eyín táyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Tíṣà ní kó gùn ún kí àwọn wò ó, ó ní táyà tuntun gbọ́dọ̀ sinmi mọ́jú ná.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró títí ọmọ rẹ̀ fi lọ sílé ìwé. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fi ọwọ́ gbá ṣòkòtò mú, á fi gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lé ibi ìtẹ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi ìtẹ̀sẹ̀ náà ti ga dé orúnkún rẹ̀ báyìí. Ó gbìyànjú, kò dé e. Ó tún gbìyànjú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yọ̀, ó fi ìbàdí balẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lára táyà. Lẹ́yìn náà, ó wọ́ àpótí ìjókòó láti ilé ìdáná wá, ó dúró lé e, òógùn bò ó, ó sì gorí ẹ̀rọ.

Táyà náà kò jáni kulẹ̀. Ó ń bu ẹrẹ̀ jẹ, ó ń tu ú sẹ́yìn. Omi ru dé ibi ìtẹ̀sẹ̀, ẹ́ńjìnnì kérora, ẹ̀rọ kò dúró. Nígbà tó gun orí ilẹ̀ gbígbẹ ní òdì kejì, bàbá kígbe pe ìyàwó rẹ̀ tó ti kú: "Ìyá Tíṣà, wò ó!"

Ó yọ̀ ṣọ́rọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó tẹ́tí sí àpótí kìíní, kò gbọ́ nǹkan kan. Èèrà ti kó ìkejì jẹ. Nínú mẹ́fà, márùn-ún ti ṣófo, inú ìkẹfà nìkan ni oyin díẹ̀ ti ń kùn. Ó tu koríko ìdí rẹ̀, ó gbá èèrà dànù. Nígbà tó máa padà ló rántí pé àpótí ìjókòó wà nílé.

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn àpótí oyin tó ṣófo, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó gun orí rẹ̀. Pákó ti jẹrà. Ó fọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá kí Tíṣà tó dé. Ó rí àpótí ìjókòó ní ìta níbi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Ó la àbàtà kọjá, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé itan. Ó bá bàbá rẹ̀ láàárín àfọ́kù pákó búlúù.

"Ìyá mi, ó la ẹrẹ̀ yẹn já. Kò rì rárá."

"Mo rí ojú ẹsẹ̀ ẹ̀, Bàbá." Ó kúnlẹ̀, ó ń yọ èérún pákó kúrò lára ṣòkòtò bàbá. "Ẹ jẹ́ ká dá a padà. Ìyá Onítáyà á fún wa ní èyí tó kéré."

Bàbá mi orí. "Táyà kọ́, Ìyá mi."

Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ bí àpótí. Ó pẹ́ kí bàbá tó gbà. Nígbà tó gbà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó sì gorí ẹ̀rọ. Tíṣà ló jókòó síwájú láti wà á, bẹ́ẹ̀ ni kò wa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Etí rẹ̀ ni bàbá ń sọ ọ́ sí, bí yóò ṣe fi jíà sí i, ìgbà tí yóò rọra. Báyìí ni wọ́n ṣe délé.

Ọ̀gá Igbó kò gun ẹ̀rọ náà mọ́. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, oyin inú àpótí kẹfà lọ. Nígbà tí wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwé kan tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, òun ló ń fi ẹ̀rọ náà lọ síbi iṣẹ́. Láràárọ̀, bó bá ti ń tan án, bàbá yóò ti wà lórí ibùsùn. Yóò kọjú sí ògiri títí ariwo náà yóò fi jìnnà.