Ọ̀rẹ́ Mi Tó Ń Wá Àlejò fún Abúlé Rẹ̀

Bí ẹyẹ kan bá ké lójú ọ̀nà ní Bowie nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ọ̀rẹ́ mi á ní kí n dá mọ́tò dúró. "Jọ̀ọ́, gbọ́ ohùn rẹ̀ ná!" Ọmọ Làìbéríà ni. Ìgbà tí ogun lé e dé Èkó ló kọ́ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ níbí.

Ogun jó abúlé rẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń pe àwọn ará ilé tó ti padà síbẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ má pa ìnàkí inú igbó yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kí àlejò wá wò wọ́n, kí wọ́n sùn lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n jẹ oúnjẹ yín." Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn ìdílé méjì tó bára wọn jà nígbà ogun kò tilẹ̀ fẹ́ jókòó pọ̀. "Igbó ò bá ẹnikẹ́ni jà," ló máa ń sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò rẹ̀ yọjú lórí fóònù. Àlejò àkọ́kọ́ ti dé! Wọ́n ti rí ìnàkí, ìdílé méjèèjì ló sì jọ ń dáná fún àwọn àlejò náà. Ọ̀rẹ́ mi hó yèè, ó dì mọ́ mi, díẹ̀ ló kù ká jọ ṣubú. Àbúrò rẹ̀ tún sọ nǹkan kan ní èdè wọn.

"Kí ló wí?"

"Ó ní àlejò ti dé, onílé dà?"

Ó nu ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Inú mọ́tò mi níbẹ̀ ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó ń lọ sí Làìbéríà.