Ológbò Tí A Gbé Lọ Sórí Òkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ṣì ń gbé ní Springdale nílùú òyìnbó níbí, a ní ológbò kan tí irun rẹ̀ pọ́n bí epo. Èmi ni mo rí i lẹ́yìn gáréèjì, èmi náà ni mo sì bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kó wọlé. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ti Nàìjíríà wá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ kékeré.

Láti ìgbà tó ti wọlé, oyún méjì ti wálẹ̀ lára màmá mi. Nígbà tí wọ́n lóyún ẹ̀kẹta, tí ikùn ti yọ dáadáa, ìyá bàbá mi pè láti Ìbàdàn. Fóònù wà lórí tábìlì, gbogbo wa la gbọ́.

"Ẹ má pa á o. A kì í pa ológbò. Ẹ gbé e sọdá odò, ẹ gbé e gun òkè, kó má baà mọ̀nà ilé mọ́. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ò ní dúró."

Bàbá mi kì í bá ìyá wọn jiyàn. Iṣẹ́ awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn, ọkọ̀ ńlá ò ṣòro fún wọn láti wà, nítorí náà nígbà tí aládùúgbò wa kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òun lè yá wa ní RV òun, ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú yẹn, wọ́n gbà lójú ẹsẹ̀. Màmá mi á lè nà gbalaja, èmi á rí òkè, ológbò á sì dé ibi tó ń lọ. Wọn ò tàn mí jẹ. Mo mọ ohun tí a ń lọ ṣe, mo sì ti pinnu pé n óò bẹ̀ wọ́n kí a tó débẹ̀.

Bí a ti sọdá odò Potomac tí a wọ Fajíníà, mo bẹ̀rẹ̀. "Dádì, ẹ wò ó bó ṣe jókòó jẹ́ẹ́."

"Ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ tí kò mọ̀, kí ló fẹ́ ṣe ju kó jókòó jẹ́ẹ́ lọ?"

"Á máa bá wa pa eku."

"Eku wo? Ta ló sọ fún ọ pé eku wà nílé mi?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, òkè ń dìde lọ́tùn-ún lósì, etí wa dí, àwọn àwo sì ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù ba ológbò. Ó fò kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ bá màmá mi, ó sì fi ikùn wọn ṣe ìrọ̀rí. Mo rí ojú bàbá mi nínú dígí ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n màmá mi gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Dádì. Ó ń gbọ́ ọmọ. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yíra padà ni."

A dúró níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń wo àfonífojì. Atẹ́gùn tutù, ewé igi ti pọ́n títí dé ìsàlẹ̀. Bàbá mi gbé ológbò sínú páálí, wọ́n rìn dé etí igbó, wọ́n sì dúró. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, ológbò ṣì wà nínú páálí.

"Òtútù ti pọ̀ jù níbẹ̀," ni wọ́n wí.

Màmá mi ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. "Ẹ gbé e wọlé. Èmi ni mo ni ikùn, èmi ni mo ní kí ẹ gbé e wọlé."

Mo rò pé a ti borí.

Oṣù yẹn ò parí tí ọmọ náà fi lọ. Ọkùnrin ni.

Bàbá mi ò lé ológbò, wọn ò bú èmi náà. Màmá mi ló ń bọ́ ọ, láìwojú rẹ̀, títí ogbó fi pa á. Dókítà ní ológbò ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà míì bàbá mi á dá jókòó sí gáréèjì, wọ́n á ní, "Ká ní mo ti fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni..." Wọn ò parí rẹ̀ rí. Wọn ò sì sọ fún ìyá wọn pé a gbé e padà. Nígbà tí ìyá gbọ́ pé ọmọ tún ti lọ, ohun tí wọ́n wí ni pé, "A jẹ́ pé òkè yẹn ò jìnnà tó." Oyún mìíràn ò dé mọ́.

Ayé ti yàtọ̀ o. Àwọn ìyá tí a jọ ń mú ọmọ lọ síléèwé ní Lake Arbor níbí, inú ibùsùn ọmọ tuntun wọn ni ológbò ń sùn, wọ́n á tún ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tó bá rú wọn lójú, fóònù ni wọ́n ń bi, wọn ò pe ìyá kankan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tèmi náà ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ ológbò. Mo ní rárá, ìyá àgbà wà nílé. Màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, gbọ́ wa láti yàrá wọn. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

"Rà á fún un. Kí ló tún kù lára mi tó fẹ́ mú?"

Mo mọ ohun tí dókítà sọ. Síbẹ̀ mi ò tíì rà á, nítorí oyún ọmọ kejì wà nínú mi.