Ẹja Tí Ìwé Tápà Fún Mi

Wọ́n ṣe sàráà fún mi lónìí, èmi akọ̀wé àwọn òyìnbó oníṣòwò.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ kọ́ èdè Tápà. Ìyàwó mi, ọmọ Òwórò, ní kí n máa lọ jókòó ti àwọn Tápà ẹlẹ́ja létí odò. Mo ní ẹni tó mọ̀wé kì í kọ́ èdè lẹ́nu ẹlẹ́ja.

Ìwé Tápà méjì ni mo bá lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù. Ọ̀kan tínínrín, àwòrán iṣu àti ẹja ló wà níbẹ̀. Èkejì nípọn, èèpo rẹ̀ le. Mo ra èyí tó nípọn. Àdúrà ló kún inú rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo dúró níwájú ìyá ẹlẹ́ja kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, n kò lè nájà láìkọ́kọ́ kí olọ́jà. Ìkíni ò sì sí nínú ìwé mi. Mo bá ṣí fìlà, mo dì í mú lọ́wọ́, mo gbàdúrà Tápà látòkèdélẹ̀.

Ìyá ṣe àmín. Ó mú ẹja kan, ó jù ú sínú fìlà mi. Nínú gbogbo ohun tó sọ, “sadaka” nìkan ló yé mi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé n kì í ṣe alágbe? Kò sí nínú ìwé. Àdúrà ni mo mọ̀, mo bá tún gbà á. Ó fi ẹja kan sí i.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Àjíkẹ́, ta ló fún yín lẹ́ja?”

Mo ní, “Ìwé mi ni.”

Fìlà mi ṣì ń rùn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ ra ìwé alàwòrán yẹn, àbí kí n kọ́ àdúrà mìíràn? Ìyàwó mi ní àdúrà ni òun fara mọ́.